Orí Bàbá Mi Lọ́rùn Àbúrò Wọn

Nágà Barakà, Kínà
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2004

Bàbá mi Ṣásílì, tí ilé ń sọ orúkọ wọn láàárọ̀ àti lálẹ́,

Ẹ kú oòrùn Kuwéètì, ẹ kú iṣẹ́ táìsì, ẹ kú ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ìyá wa ní kí n kọ ọ́ pé ara àwọn le. Eyín ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má sọ, nítorí náà mi ò sọ ọ́. Láti ìgbà ààwẹ̀ lẹ ò ti kọ̀wé sí wa. Ṣé bébà ti tán ní Kuwéètì ni?

Ṣábìrì ará abúlé wa, tó ń padà lọ sọ́dọ̀ yín ní Kuwéètì, ló gba lẹ́tà yìí. Kí ẹ tó kà á síwájú, ẹ ṣí páálí tó wà nínú àpò ìwé náà kí ẹ wo fọ́tò inú rẹ̀. Ẹ jókòó kí ẹ tó wò ó.

Ṣé ẹ ti rí i?

Ẹ̀yin nìyẹn! Ọjọ́ yìgì Tafídà nìyẹn, nínú pálọ̀ wa. Alùfáà ló wà láàárín. Hiláàlì ọkọ ìyàwó ló wà lápá ọ̀tún tó ń làágùn bí àmù. Ẹ̀yin lẹ wà lápá òsì, tí ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àtàǹpàkò yín ko tirẹ̀, áńkáṣíìfù funfun bo ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ń fa ọmọbìnrin yín àgbà fún ọkọ. Mo mọ̀ pé Kuwéètì lẹ wà lọ́jọ́ náà, tí ọ̀gá yín kò jẹ́ kí ẹ wá. Bàbá Kináwì, àbúrò yín, ló jókòó dípò yín. Ara wọn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ojú nìkan ni mo pààrọ̀.

Èmi ni mo ṣe é, Bàbá! Èmi Ràtíbà, tí ẹ máa ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ kò ju kó jí dàbínù jẹ lọ. Ọ̀gá Wadíì onífọ́tò gbà mí síṣẹ́ kí n máa ya àwọn obìnrin nílé ìyàwó, torí ọkùnrin kì í wọ yàrá wọn. Wọ́n sì ti ra kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí a ṣe ń ṣe é, kí ẹ lè fi yangàn lójú àwọn ará yàrá yín.

Ẹ wá fọ́tò méjì tí ojú méjèèjì kọ síbì kan náà. Ẹni tó ń wo iwájú, ẹ má gbé ojú rẹ̀ lé ọrùn ẹni tó ń wo ẹ̀gbẹ́, yóò dà bí òwìwí. Ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bí oòrùn bá wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, tó tún wà léjìká ọ̀tún, ọmọ ọwọ́ pàápàá á mọ̀ pé oòrùn méjì kì í ràn lójú ọ̀run kan. Ẹ wá fi máòsì fa ìlà yí ojú ká, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ẹ má mú irun, ẹ má mú etí, ẹ jẹ́ kí onílé máa lo láwàní rẹ̀ lọ. Ẹ gé e, ẹ gbé e lé ojú ẹnì kejì, ẹ sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìbòjú ìyàwó kí ẹ lè rí ojú tó wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ẹyinjú lé ẹyinjú, ẹ fi ẹnu lé ẹnu. Tó bá bára mu, ẹ jẹ́ kó padà ki, kí ẹ wá fi sùúrù ra etí ojú náà títí tí ààlà kò fi ní hàn mọ́. Àwọ̀ ló máa ń fúnni níṣẹ́. Inú ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ojú yín ti pọ́n. Oko ìrèké ni Bàbá Kináwì ń lọ, ọrùn wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Odindi ọ̀sán kan ni mo fi ń pọ́n wọn díẹ̀, tí mo ń pa yín lára dà díẹ̀, kí ẹ tó pàdé lágbedeméjì. Fọ́tò yín tí ẹ yà létí òkun ni mo lò, torí ẹ̀rín wà lójú yín níbẹ̀. Ti ìwé ìrìnnà yín kò dára, ẹ dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń bi léèrè ibi tó gbé ewúrẹ́ sí.

Nígbà tí Ọ̀gá Wadíì rí i, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Bí Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n jẹ́, wọ́n ní, "Ràtíbà, mo fi Wúńdíá Mímọ́ búra, ìyá tó bí ọ gan-an ò ní mọ̀." Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi: "Má fọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ̀dà ni kó o máa gé."

Ẹ ya fọ́tò mìíràn ránṣẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ọwọ́ òsì. Kí ẹ má sì di ojú.

Èmi ọmọ yín tó ń gé orí tí ẹ̀jẹ̀ kì í jáde,
Ràtíbà

*

Kuwéètì
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin, ọdún 2004

Ràtíbà ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa wà pẹ̀lú gbogbo yín. Sọ fún ìyá rẹ pé kó lọ yọ eyín tó ní kó o má sọ.

O ní kí n jókòó kí n tó wo fọ́tò. Ó yẹ kó o ní kí n dùbúlẹ̀. Ọmọ yìí, o pa mí lẹ́kún. Ọjọ́ tí wọ́n so yìgì Tafídà, ilé ìwẹ̀ ọlọ́rọ̀ kan ni mo ń lẹ táìsì sí. Mo mọ wákàtí tí wọ́n fi so ó. Mo kúnlẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ olówó, mo ń sọ fún ara mi pé, nísinsìnyí ni wọ́n ń da áńkáṣíìfù bo ọwọ́. Báyìí mo wá rí ara mi níbẹ̀, láwàní mi dúró dáadáa, ẹ̀rín lẹ́nu mi. Mo fi í mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi tí n kì í fi nǹkan mọ́ ògiri.

Bàbá Adíbù ará Síríà, àgbà yàrá wa, wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣásílì, ìgbà wo lo lọlé?" Mo dákẹ́. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n gbà pé mo lọ. Ẹnì kan wí pé, "Ẹ wo ọkùnrin! Ó fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ bí ẹni fa iṣu yọ lébè." Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo rìn lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ni ilé tó ń lẹ.

Ọ̀rọ̀ méjì ló kù. Èkíní, kí ni mo gbọ́ nípa ilé ìwé? Ṣábìrì ní o ti fi sílẹ̀. Mo ń kúnlẹ̀ níbí kí ẹ̀yin lè dúró. Ìkejì, o kọ lẹ́tà tó gùn tó òpópónà, o ò sọ ohun tí Kináwì wí nígbà tó rí fọ́tò náà. Ṣé o ti fi hàn án?

Bàbá rẹ,
Ṣásílì

*

Nágà Barakà
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, ọdún 2004

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ kú ẹkún ayọ̀. Mo ka lẹ́tà yín fún Ìyá wa ní ohùn yín gan-an, pẹ̀lú ikọ́ tí ẹ máa ń wú kí ẹ tó báni wí. Nígbà tí mo dé ibi "kí ni mo gbọ́ nípa ilé ìwé," Ìyá wa sáré fa ìbòrí wọn bo irun, bí ẹni pé ẹ ti wọlé dé.

Ní ti ilé ìwé, ẹ má bínú. Mo gbé ojú ọ̀gá ilé ìwé wa lé ojú ìyàwó kan tó de adé òdòdó, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Wọ́n lé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ni mo fi ìyókù kún un. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, Bàbá, ó yẹ kí ẹ rí bí adé náà ṣe bá mùsítáàṣì wọn mu.

Mo fọ fọ́tò yín ní ńlá, mo fi sínú férémù, mo gbé e kọ́ sókè àga bàbá nínú pálọ̀. Mabrúkà, ìyá Hiláàlì, ló kọ́kọ́ wá kí wa. Wọ́n na ìka sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá wa ni."

"Irọ́ ńlá! Ṣebí èmi náà wà níbẹ̀, mo ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Kináwì ni mo rí."

Èmi náà fa ojú ro. "Ẹ̀yin, Màmá? Ẹ̀yin tí ẹ gbé tíì fún wọn? Tí ẹ tún bi wọ́n pé ṣúgà mélòó?"

"Èmi?"

"Ẹ̀yin kúkú ni."

Wọ́n wo fọ́tò, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo fọ́tò. Ojú wọn lọ jìnnà bí ẹni tó ń wá àgùntàn tó sọnù. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n mi orí. "Mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Ó ní kí n fi ṣúgà mẹ́ta sí i. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tó ti lò ní Kuwéètì, adùn kò kúrò lẹ́nu rẹ̀!"

Ọlọ́run ń gbọ́ mi, ọ̀dọ̀ àwọn pẹ́pẹ́yẹ ni mo ti lọ rẹ́rìn-ín. Kí ó tó di Jímọ̀ọ̀, ìtàn ti rìn yí abúlé ká. Ṣásílì wá ní bòńkẹ́lẹ́, ó fa ọmọ rẹ̀ fún ọkọ, ó padà kí ọ̀gá rẹ̀ tó mọ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà sọ fún mi pé òun rí bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà, dúdú ni. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Ojú nìkan ni mo gé, àwọn ló fi bàtà kún un.

Ẹ bi mí nípa Bàbá Kináwì. Wọ́n wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, ìdì ìrèké wà léjìká wọn. Àlejò pọ̀ nílé. Wọ́n gbójú sókè. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń gbin irúgbìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Òrùka mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Jàlàbíà mi nìyẹn. Ọwọ́ mi nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi dà?"

Mo ní, "Ẹ ti lọ sí Kuwéètì!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Kináwì kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ìrèké kalẹ̀, wọn ò mu tíì. Ní ọjọ́ kejì wọ́n rán ọmọ wọn wá gba àkàsọ̀ tí wọ́n yá wa láti ọdún tí mo ti gbọ́njú. Ìyá wa ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Èmi rò pé yóò rọlẹ̀.

Ọmọ yín,
Ràtíbà

*

Kuwéètì
Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún, ọdún 2004

Ràtíbà, ọmọ tó ń jẹ́ kí n rìn bí ọba,

Mo kí yín nílé lóko. Mi ò tíì rí èsì rẹ gbà, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń lọlé lọ́la, mi ò lè jẹ́ kó lọ lásán. Fọ́tò àwọn ará yàrá mi ló wà nínú àpò yìí. Ìmọ́lẹ̀ láti ọwọ́ òsì, gẹ́gẹ́ bí o ti wí. Èmi ni mo tò wọ́n lẹ́bàá fèrèsé, mo ń pàṣẹ bí ọ̀gá, "Gbé àgbọ̀n sókè! Má di ojú! Ọmọ mi ò fẹ́ òwìwí!" Bàbá Adíbù kò sí níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ọmọ ìlú Sùhájì kan kò tíì rí ìbejì rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó fẹ́ sí ẹ̀yìn fọ́tò tirẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kò sí ohun tí ọmọ mi kò lè ṣe.

Kí Kináwì fún mi. Sọ fún un pé bó bá di ìgbà ìkórè ìrèké, kó fi oyin dúdú tí a ń fi omi rẹ̀ sè ránṣẹ́.

Bàbá rẹ

*

Nágà Barakà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2004

Bàbá mi,

Mo kí yín. Àpò tó kún fún ojú èèyàn dé ọwọ́ mi. N ó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú yín ló wà lọ́rùn mi báyìí, ẹ dákun ẹ fara balẹ̀ gbọ́.

Tafídà ti bínú wálé. Ó yan búrẹ́dì oòrùn, èyí tí a ń gbé sóòrùn kó wú kí a tó yan án, ìyẹ̀fun náà kò wú dáadáa, Hiláàlì sì kó o lójú àlejò, ó dà á fún pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní, "Àwọn yìí ló ní ẹnu tó lè jẹ ẹ́." Tafídà dìde. Ó wọ ìbòrí rẹ̀, ó rìn gba etí odò wálé, aago rẹ̀ àti bàtà ilé nìkan ló mú.

Ẹ mọ àṣà wa jù mí lọ. Àwọn ará ilé ọkọ ní láti wá tọrọ àforíjì, kí ẹni tó bọ ọkọ lọ́wọ́ lábẹ́ áńkáṣíìfù jókòó gbà á fún ọmọ, kó wí ohun tó fẹ́, kí ọmọ tó padà pẹ̀lú iyì. Wọ́n wá lóòótọ́, pẹ̀lú ṣúgà àti tíì. Wọ́n jókòó. Àga tó kọjú sí wọn ṣófo. Ẹ̀yin wà lókè àga náà nínú férémù, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Bàbá àgbà Hiláàlì wo àga, wọ́n wò yín.

"Ṣé ẹni òkè yìí la ó bá sọ̀rọ̀?"

Ìyá wa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ṣùgbọ́n kí ni obìnrin kan lè sọ láti ẹ̀yìn ìkélé? Wọ́n gbé ṣúgà wọn, wọ́n lọ. Wọ́n ní àwọn yóò padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ní Jímọ̀ọ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje. Bí kò bá sí ọkùnrin tó jókòó, ká jẹ́ kí oníkálukú máa lọ.

Mo sáré lọ bá Bàbá Kináwì. Wọ́n ń pọ́n ọkọ́. Wọn ò gbójú sókè.

"Ta ló fa Tafídà fún ọkọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi kọ́. Bi Mabrúkà léèrè. Bi ẹni tó ń ta ẹ̀wà, tó rí bàtà dúdú. Gbogbo Nágà Barakà ló mọ ẹni tó fà á. Lọ pe orí tó wà lára ògiri kó sọ̀kalẹ̀ wá jókòó."

Mo ní ojúlówó wà lọ́wọ́ mi, n ó dá ojú wọn padà lọ́sàn-án yẹn gan-an. Wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀. "Kì í ṣe ìwọ lo máa dá a padà. Ìwọ fún un ni, òun ló gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi rí ara rẹ̀ lórí ara mi, ó sì dùn mọ́ ọn. Kó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́."

Ẹ má fóònù o. Ṣúkúrì tó ni ilé fóònù máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ju ẹni tó ń sọ ọ́ lọ, Bàbá Kináwì kò sì ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ẹ kọ̀wé. Ẹ yára.

Ràtíbà

*

Nágà Barakà
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2004

Bàbá,

Ìkíni kò pọ̀ lónìí. Kò sí èsì. Ṣábìrì kọ̀wé sílé rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbà á, àwa kò gba nǹkan kan.

Mo ti sọ fọ́tò náà kalẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó wà lára ògiri mọ́ ju ìyókù lọ, ó dà bí ẹni pé ẹ ṣì ń wò wá. Tafídà ń fọ àwo tó ti mọ́. Ó ní òun kò bínú sí mi. Ó sàn kó bínú. Mi ò tíì sín ẹnikẹ́ni jẹ láti ọjọ́ náà, àwọn aládùúgbò wá bi Ìyá wa bóyá ibà ń ṣe mí.

Ṣé fọ́tò náà dùn mọ́ yín tó bẹ́ẹ̀ ni?

Ràtíbà

*

Kuwéètì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, ọdún 2004

Ràtíbà,

Àlàáfíà fún ọ, fún ìyá rẹ, fún Tafídà. Wọ́n kó wa lọ síbi iṣẹ́ kan nínú aṣálẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Lẹ́tà rẹ méjèèjì dúró dè mí lábẹ́ ìrọ̀rí. Má fi orúkọ mìíràn pe ìdákẹ́ mi.

O bi mí bóyá fọ́tò náà dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà rẹ tán, mi ò tíì lè yọ ọ́ lára ògiri. Mo wá àwáwí. Mo ní, fọ́tò lásán ni, Kináwì ti le jù. Bàbá Adíbù ń mu tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Ṣásílì, òrùka wo lo wọ̀ níbẹ̀ yẹn?" Mo wo ọwọ́ mi. Mi ò wọ òrùka rí láyé mi. Ìgbà náà ni mo wá wo ọwọ́ tó wà nínú fọ́tò náà dáadáa. Oṣù mẹ́ta ni mo ti fi ń wo ojú.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. Ka ìsàlẹ̀ yìí fún Kináwì. Ìwọ ni kó o kà á, má fún ẹlòmíràn. Kà á bí o ṣe ń ka tèmi fún ìyá rẹ.

"Kináwì, ọmọ ìyá mi. Ọwọ́ tó wà lábẹ́ áńkáṣíìfù, ọwọ́ rẹ ni. Nígbà tí ibà mú Tafídà ní kékeré, ẹ̀yìn rẹ ló fi dé ilé ìwòsàn. Èmi ń fi owó ránṣẹ́, ìwọ ń fi ara ránṣẹ́. Mo gba ibi tí kì í ṣe tèmi, ó sì dùn mọ́ mi. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Gba ojú rẹ padà. Dìde, lọ jókòó fún ọmọ rẹ."

Bó bá gbà, mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Wadíì. Kó jókòó tì ọ́, kó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń padà wá.

Bàbá rẹ,
Ṣásílì

*

Nágà Barakà
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 2004

Bàbá mi, ọlọ́wọ́ àìlóòrùka,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú sùúrù, ẹ kú ọkàn ńlá! Ẹ jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kí ẹ jókòó kí ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà yín bá wa ní Ọjọ́rú tó ṣáájú Jímọ̀ọ̀ náà. Mo lọ bá Bàbá Kináwì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi. Mo dúró síta lẹ́yìn ògiri àgbàlá wọn, mo wú ikọ́ yín. Kì í ṣe ikọ́ ìbáwí o, ikọ́ tí ẹ máa ń wú bí ẹ bá fẹ́ sọ ohun tó ṣòroó sọ. Mo bẹ̀rẹ̀, "Kináwì, ọmọ ìyá mi." Ewúrẹ́ gan-an dákẹ́. Nígbà tí mo dé ibi "ẹ̀yìn rẹ ló fi dé ilé ìwòsàn," mo gbọ́ tí ìlẹ̀kùn ṣí. Wọ́n jáde láìwọ bàtà, wọ́n ń wo òpópónà lókè lódò, wọ́n ń wá yín, Bàbá. Èmi ni wọ́n rí, pẹ̀lú bébà lọ́wọ́. Mo rò pé wọ́n á nà mí. Wọ́n jókòó sórí pèpéle, wọ́n ní, "Kà á tán. Má yí ohùn padà."

Mo kà á tán. Wọ́n ní kí n tún un kà.

A lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Wadíì. Mo lè kàn gbé ojúlówó jáde kí n tẹ̀ ẹ́ kíá, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n rí i. Mo ṣí iṣẹ́ mi sójú kọ̀ǹpútà, mo sọ ojú yín di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin wà níbẹ̀, àwọn náà wà níbẹ̀, ojú méjì nínú láwàní kan. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Dúró níbẹ̀ ná." Wọ́n wò ó pẹ́. "A jọra," ni wọ́n wí. Ọ̀gá Wadíì yí ojú sí ògiri, wọ́n ní eruku kó sí gíláàsì àwọn. Lẹ́yìn náà Bàbá Kináwì mi orí, mo sì mú yín kúrò pátápátá.

Jímọ̀ọ̀ dé. Ẹ bá mi gbọ́ ohùn wọn! Bàbá Kináwì jókòó sí àga bàbá, jàlàbíà ọjọ́ yìgì lọ́rùn wọn. Fọ́tò wà lókè orí wọn, ojú ní òkè, ojú ní ìsàlẹ̀, ọ̀kan náà. Ìyàlẹ́nu pa àwọn àlejò. Mabrúkà yọjú láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n na ìka sókè. "Ẹ̀ẹ́! Kináwì ni. Ṣebí mo sọ fún yín! Ṣúgà mẹ́ta ló mu!" Mo sá lọ bá pẹ́pẹ́yẹ, mo tún sáré padà kí n má bàa pàdánù ìyókù.

Bàbá Kináwì kò bèèrè ẹjọ́. Wọ́n ní, "Hiláàlì, mú ọwọ́ wá." Ó mú un wá. Wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n gbé àtàǹpàkò lé tirẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

"O mọ ọwọ́ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Kí ló fún ọ?"

"Tafídà."

"Ó fún ọ ní pẹ́pẹ́yẹ bí?"

"Rárá, Bàbá." Omi ti ń gbọ̀n lójú rẹ̀. Àtàǹpàkò tó ti gé ìrèké láti ọjọ́ ayé, ẹ mọ̀ ọ́n.

"Ọwọ́ tó fúnni mọ ọ̀nà àtigbà."

Bàbá àgbà wọn ní, "Òótọ́ lo sọ, Kináwì. Wí ohun tí o fẹ́."

Wọ́n ní kí àwọn àlejò ọjọ́ tí Hiláàlì da búrẹ́dì fún pẹ́pẹ́yẹ gan-an padà jókòó sí ilé Hiláàlì, kí Tafídà yan búrẹ́dì, kí Hiláàlì jẹ ẹ́ lójú wọn láìmu omi. Bẹ́ẹ̀ ló rí, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mo gbé kámẹ́rà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìyẹ̀fun sílẹ̀ kò wú rárá, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni! Hiláàlì jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn. Tafídà wọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú orí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, Bàbá Kináwì sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ti àwọn ará yàrá yín, mo ti ṣe ti ọmọ Sùhájì, ìbejì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ti Bàbá Adíbù, mi ò ṣe é. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó gbé ìyá wọn dé ibojì. Bí ó bá ní orúkọ, kí wọ́n kọ́kọ́ bi onítọ̀hún.

Mo fi fọ́tò tuntun sínú àpò yìí. Ojúlówó ni. Mi ò fi máòsì kàn án.

Ọmọ yín tó ti mọ ìgbà tí a kì í gé,
Ràtíbà

*

Kuwéètì
Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹjọ, ọdún 2004

Ràtíbà ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọwọ́ rẹ, mo kí ohùn tí o jí gbé lẹ́nu mi tí o sì lò dáadáa jù mí lọ. Bàbá Adíbù ka ohun tí o kọ nípa rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wá bébà, òun fẹ́ kọ̀wé sí àbúrò òun obìnrin, tó dúró dípò òun lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Ilé ìwé kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí oṣù kẹsàn-án bá wọlé, padà síbẹ̀, kí o sì lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé rẹ.

Mo yọ ti àkọ́kọ́ lára ògiri, mo fi tuntun síbẹ̀. Ní alẹ́ gbogbo wọn péjọ sídìí bẹ́ẹ̀dì mi. Mo sọ fún wọn pé mi ò lọlé, pé èmi kọ́ ni mo jókòó síbẹ̀ rí. Wọ́n yẹ̀ mí wò. Mo fi Kináwì hàn wọ́n, mo fi òrùka hàn wọ́n, mo sọ bó ṣe fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo dá ọmọ wa padà sílé ọkọ. Wọ́n ní kí n tún ibi búrẹ́dì sọ. Mo tún un sọ.

Ọmọ Sùhájì wá bi mí pé, "Ìwọ ń kọ́, Ṣásílì? Níbo lo wà nínú fọ́tò yìí?"

Mo na àyà mi, mo ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yẹn."

Bàbá rẹ,
Ṣásílì